Ìtàn Fadá Teilhard: Ṣé ẹni tó gba Ọlọ́run gbọ́ lè gba ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n?



Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ilé nígbà tí ọmọ bá ti CEG dé. Olùkọ́ ti sọ fún un pé bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe rí lónìí kọ́ ni wọ́n ṣe rí látìbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé ọmọ ènìyàn náà kò yọ sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n. Bàbá tó jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì á ní irọ́ ni, Ọlọ́run ló dá Ádámù. Bàbá tó jẹ́ mùsùlùmí á ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìyá àgbà tó mọ ìtàn Ọbàtálá á ní àwọn òyìnbó tún ti gbé tiwọn dé. Ọmọ á wá dákẹ́. Bó bá kọ ohun tí bàbá sọ sínú ìdánwò, máàkì yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gba ohun tí olùkọ́ sọ, ẹ̀rù á máa bà á pé òun ti kẹ̀yìn sí Ẹlẹ́dàá.

Kàkà kí a jókòó síbí ká máa dá ẹjọ́ náà, ìtàn ẹnì kan ni a fẹ́ sọ fún yín lónìí. Ẹni náà gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lé èjìká kan náà títí tó fi kú. Àlùfáà ìjọ Kátólíìkì ni, ó sì tún wà lára àwọn tó hú egungun àwọn ènìyàn àtijọ́ jáde látinú ilẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Pierre Teilhard de Chardin.

Ọmọ tó fẹ́ràn irin

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1881 ni wọ́n bí i ní Sarcenat, nítòsí ìlú Clermont-Ferrand nílẹ̀ Faransé. Ọmọ mọ́kànlá ni ìyá rẹ̀ bí, òun sì ni ìkẹrin. Ilé tó rí jájẹ ni wọ́n bí i sí, ilé àdúrà sì ni pẹ̀lú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ láti mọ Jésù. Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ fẹ́ràn láti máa ṣa òkúta, kòkòrò àti ewéko jọ, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ bí wọn yóò ṣe máa wò wọ́n fínnífínní.

Nígbà tí Pierre wà ní kékeré, irin ló fẹ́ràn jù lọ. Ó máa ń kó àjákù irin pamọ́, títí kan irin tó já lára ohun èlò ìtúlẹ̀, nítorí ó rò pé kò sóhun tó le tó irin láyé, pé irin kò lè bàjẹ́ láéláé. Lọ́jọ́ kan ó rí i pé irin òun ti dípẹtà. Ó dùn ún débi pé ó bú sẹ́kún. Láti ìgbà náà ló ti fi irin sílẹ̀, tó yíjú sí òkúta. Ohun tí kì í bàjẹ́ ló ń wá. Wíwá tó ń wá a yìí náà ló sọ ọ́ di àlùfáà, òun náà ló sì sọ ọ́ di onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta.

Ní ọdún 1899 ó wọ ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Jésúìtì. Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ yìí máa ń jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun kò ní kó ọrọ̀ jọ fún ara òun, pé òun kò ní gbéyàwó, àti pé òun yóò máa gbọ́ràn sí àwọn aṣáájú òun lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀jẹ́ kẹta yẹn sọ́kàn, torí òun ló padà di àjàgà sí i lọ́rùn.

Láti ọdún 1905 sí 1908, ilẹ̀ Áfíríkà ló wà. Ìlú Kairo ní Íjíbítì ni wọ́n rán an lọ, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìmọ̀ físíìsì àti kẹ́míísìrì. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run, wọ́n sì fi í jẹ àlùfáà ní ọdún 1911. Ibẹ̀ ló wà tí ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n fi wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ohun tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀

Kí ni ẹ̀kọ́ náà ń sọ gan-an? Charles Darwin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé e jáde sínú ìwé ní ọdún 1859. Ó ní àwọn ọmọ ìyá kan náà kì í rí bákan náà. Nígbà tí ọ̀dá, ebi tàbí àìsàn bá dé, èyí tí ara rẹ̀ bá ibi tó wà mu ló ń yè, òun ló sì ń bímọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ó di ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìyàtọ̀ kékeré á di ńlá, irú ẹ̀dá tuntun á sì jáde.

Àwọn àgbẹ̀ wa mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Lápá ọ̀dọ̀ àwọn Bàrìbá àti Nàgó nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí, àwọn àgbẹ̀ kan wà tí wọ́n máa ń wọ igbó lọ wa iṣu igbó wá sóko. Wọ́n á gbìn ín, wọ́n á yan èyí tó ṣe dáadáa nínú rẹ̀, wọ́n á tún un gbìn lọ́dún kejì. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, èyí tó bá yege á wá dà bí iṣu tí à ń gún níyán. Àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ iṣu wò, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbé ìwádìí wọn jáde ní ọdún 2019 pé látinú iṣu igbó ni iṣu oko wa ti jáde, àti pé agbègbè odò Ọya níhìn-ín ni àwọn baba ńlá wa ti ṣe é. Ọwọ́ àgbẹ̀ ló yan iṣu. Darwin ní ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe lóko, ìgbà àti ipò ń ṣe é nínú igbó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gba ti iṣu. Orí ọmọ ènìyàn ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan Ádámù àti ọkàn tó wà nínú wa. Ibẹ̀ náà ni Fadá Teilhard ti kó sí wàhálà.

Lójú ogun

Kí wàhálà náà tó dé, ogun àgbáyé àkọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1914. Wọ́n mú Teilhard wọ iṣẹ́ ogun. Kò gbé ìbọn. Iṣẹ́ gbígbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ kúrò lójú ogun ni wọ́n fún un. Àárín àwọn ọmọ ogun tí ilẹ̀ Faransé kó wá láti apá àríwá Áfíríkà ló wà, mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Wọ́n fẹ́ gbé e ga sí ipò ọ̀gá, kò gbà. Ó ní òun fẹ́ wà láàárín àwọn tí òun ń gbé. Ó wà ní Verdun ní ọdún 1916, níbi tí ènìyàn ti ń kú bí eṣinṣin. Méjì nínú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bá ogun náà lọ. Òun yè é, ìjọba sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà.

Inú kòtò ogun yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èrò ọkàn rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, Ọlọ́run kò dá ayé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì kúrò nídìí rẹ̀, bí amọ̀kòkò tó ti mọ ìkòkò tán tó lọ sùn. Ó ní ìṣẹ̀dá ṣì ń lọ lọ́wọ́. Láti òkúta dé ewéko, láti ewéko dé ẹranko, láti ẹranko dé ènìyàn tó lè ronú, Ọlọ́run ló ń fa gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, Kristi ló sì wà ní òpin ọ̀nà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n kò ṣe gba Ẹlẹ́dàá lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí Ẹlẹ́dàá ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó kà á sí.

Ìwé kékeré tó dá wàhálà sílẹ̀

Ní ọdún 1922 ó gba oyè dókítà ní yunifásítì Sorbonne ní Paris, ó sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn Kátólíìkì níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń rọ́ wá gbọ́ ọ. Lákòókò yẹn ló kọ ìwé kékeré kan tí kò kọ fún títẹ̀ jáde, nípa ẹ̀ṣẹ̀ tí Ádámù dá. Ìbéèrè tó gbé yẹ̀ wò nínú rẹ̀ le: bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni ìran ènìyàn jáde, báwo ni kí onígbàgbọ́ ṣe lóye ìtàn Ádámù àti ìṣubú rẹ̀?

Ìwé náà dé Róòmù. Ní ọdún 1925, àwọn aṣáájú rẹ̀ ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun faramọ́ ẹ̀kọ́ ìjọ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó padà sí ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tó ti kọ́kọ́ lọ ṣe ìwádìí ní ọdún 1923.

Ọ̀nà mélòó kan ló wà níwájú rẹ̀. Ó lè fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kó máa sọ ohun tó wù ú. Ó lè fi ìmọ̀ sílẹ̀ kó gbájú mọ́ àdúrà nìkan. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó fọwọ́ sí ìwé, ó di ẹrù rẹ̀, ó sì lọ. Lójú rẹ̀, ẹni tó bá já ẹ̀jẹ́ tó jẹ́ fún Ọlọ́run kí ó lè gbèjà òtítọ́ Ọlọ́run ti fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó sì ti fi èkejì wó o.

Egungun inú ihò àpáta

Ó lé ní ogún ọdún tó fi Ṣáínà ṣe ibùgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń rìnrìn àjò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó wà ní aṣálẹ̀ Ordos ní ọdún 1923, ọjọ́ kan dé tí kò rí búrẹ́dì tàbí wáìnì tí yóò fi ṣe ìsìn Mísà. Ó wá fi gbogbo ayé ṣe ọrẹ: iṣẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́jọ́ náà ló fi ṣe búrẹ́dì, ìyà gbogbo ènìyàn ló sì fi ṣe wáìnì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rin ọ̀nà oko jìnnà rí láìrí ibi ìjọsìn, ọ̀rọ̀ náà á yé yín.

Ní Zhoukoudian, ìtòsí Beijing, àwọn onímọ̀ ń gbẹ́ ihò àpáta kan, Teilhard sì wà lára àwọn tó ń sọ bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe pẹ́ tó. Ní oṣù kejìlá ọdún 1929, ọmọ ilẹ̀ Ṣáínà kan, Pei Wenzhong, rí agbárí ènìyàn àtijọ́ nínú rẹ̀. Ènìyàn tó ju 400,000 ọdún lọ ni. Iwájú orí rẹ̀ rẹlẹ̀, egungun òkè ojú rẹ̀ yọ síta, kò rí bíi tiwa gan-an, síbẹ̀ ó ti ń fi òkúta ṣe ohun èlò. Ìròyìn rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Àwọn egungun náà sọnù ní ọdún 1941 nígbà ogun, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dà tí wọ́n ti mọ kò sọnù.

Ká má ṣe bò ó mọ́lẹ̀ o, àwọn tó ń hú egungun náà máa ń ṣìnà. Ní ọdún 1913, nígbà tí Teilhard ṣì kéré nídìí iṣẹ́ náà, ó rí eyín kan ní Piltdown nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ní wọ́n ti rí ènìyàn àtijọ́. Ní ọdún 1953 ó hàn pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀: ẹnì kan ló so agbárí ènìyàn pọ̀ mọ́ àgbọ̀n ìnàkí. Ọ̀dọ̀ Charles Dawson, tó ní òun rí i, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ na ìka sí. Àwọn kan fura sí Teilhard náà, ṣùgbọ́n wọn kò rí ẹ̀rí tó dájú mú wá. Ẹ kíyè sí i pé àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló tú àṣírí ẹ̀tàn náà. Bí ìmọ̀ ṣe ń tún ara rẹ̀ ṣe nìyẹn.

Ilẹ̀kùn tí kò ṣí

Nígbà tó wà ní Ṣáínà, ó kọ ìwé ńlá méjì. Èyí àkọ́kọ́, Le Milieu divin, jẹ́ nípa bí ènìyàn ṣe lè rí Ọlọ́run nínú iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Èkejì, Le Phénomène humain, jẹ́ nípa ipò ọmọ ènìyàn nínú ìtàn ayé. Ó bẹ̀bẹ̀ fún àṣẹ láti tẹ̀ wọ́n jáde. Wọn kò fún un. Ó tún ibi tí wọ́n ní kó tún ṣe ṣe. Wọn kò tún fún un. Ní ọdún 1948 ó gbéra, ó lọ sí Róòmù fúnra rẹ̀. Ohun méjì ló bá lọ: kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ ìwé òun, kí wọ́n sì jẹ́ kí òun gba àga olùkọ́ ní Collège de France. Wọ́n kọ méjèèjì.

Ẹni tó bá ti fi ọjà rẹ̀ síta láti òwúrọ̀ dalẹ́ tí wọn ò jẹ́ kó tà mọ̀ bó ṣe ń rí. Tirẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan. Ọgbọ̀n ọdún ni.

Ní ọdún 1950, Póòpù Pius Kejìlá kọ lẹ́tà sí gbogbo ìjọ. Ó ní àwọn onímọ̀ lè wádìí bóyá ara ènìyàn jáde láti inú ohun abẹ̀mí mìíràn tó ti wà ṣáájú, ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn ní tirẹ̀, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń dá a. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀ nìyẹn, àmọ́ kò ṣí fún àwọn ìwé Teilhard.

Wọ́n rán an lọ sí New York ní ọdún 1951. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí Gúúsù Áfíríkà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1951 àti 1953, láti wo ibi tí wọ́n ti ń hú egungun. Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ó kọ̀wé pé ó jọ pé ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí ni ìran ènìyàn ti ṣẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn onímọ̀ gbà lónìí nìyẹn.

Ọjọ́ Àjíǹde, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1955, ló kú. Ó ti lọ gbọ́ Mísà, ó ti lọ gbọ́ orin, ó sì wà nílé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú lulẹ̀ tí ẹ̀mí bọ́. Àwọn ènìyàn díẹ̀ péré ló tẹ̀ lé òkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé rẹ̀, Jeanne Mortier. Ẹ̀jẹ́ ìgbọràn kò de òkú. Kí ọdún náà tó parí, Le Phénomène humain ti jáde ní Paris, àwọn ènìyàn sì ń dù ú rà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀

Ẹnu kò kò lórí rẹ̀. Ní ọdún 1962, Róòmù kìlọ̀ fún àwọn onígbàgbọ́ pé àṣìṣe wà nínú àwọn ìwé rẹ̀. Lápá kejì, Peter Medawar, onímọ̀ ńlá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹnu àtẹ́ lu ìwé náà ní ọdún 1961. Ó kà á sí ìrònú ẹni lásán tó wọ ẹ̀wù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí àlùfáà ṣe ń lù ú látọ̀tún ni onímọ̀ ń lù ú látòsì. Ẹni tó bá dúró sáàárín ọ̀nà, ọkọ̀ àlọ àti ọkọ̀ àbọ̀ ló ń kàn án.

Síbẹ̀, omi ń ṣàn lọ. John Paul Kejì, póòpù tó wá kí wa ní Parakou ní oṣù kejì ọdún 1993, kọ̀wé ní ọdún 1996 pé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ti kọjá ohun tí a kàn ń méfò lé lórí, àmọ́ kí a má gbàgbé pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni ọkàn ti ń wá. Benedict Kẹrìndínlógún, tó wá sí Cotonou àti Ouidah ní ọdún 2011, ti yin èrò Teilhard nípa ayé tó di ọrẹ fún Ọlọ́run ní ọdún 2009. Póòpù Francis náà dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 2015 lórí ìtọ́jú ayé.

Kí la rí kọ́?

A kò sọ pé gbogbo ènìyàn ló gbà. Ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò gbà á rárá, wọ́n ní bí Bíbélì ṣe kọ ọ́ ló rí. Àwọn àáfà kan gbà á fún ewéko àti ẹranko, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á fún Ádámù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onímọ̀ kan wà tí wọ́n ní kò sí Ọlọ́run rárá. Olúkúlùkù ló ni ìgbàgbọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun kan. Bíbélì ní Ọlọ́run fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ó sì mí èémí sí i nínú. Kùránì náà sọ̀rọ̀ nípa amọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀mí tí Ọlọ́run fẹ́ sí i. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ló mọ ara, Olódùmarè ló sì fi ẹ̀mí sí i. Amọ̀ àti èémí: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé sórí rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lè yẹ amọ̀ wò, kó sọ ibi tó ti wá àti bó ṣe pẹ́ tó kó tó di ara. Èémí kò sí lórí òṣùwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti fi egungun mọ̀ pé kò sí Ọlọ́run ti kọjá àyè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá fi ìwé mímọ́ na ọmọ tó ń ka iye ọdún egungun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí wa ní Sanson, bí ọmọ bá ti CEG dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má lé e kúrò nídìí ìwé, ẹ má sì jẹ́ kó rò pé àdúrà ilé ti di ohun àtijọ́. Ẹ mú un lọ sóko, ẹ fi iṣu igbó hàn án, ẹ sì bi í léèrè ohun tó rí. Ẹ sọ fún un pé àlùfáà kan wà rí tó hú egungun ní ọ̀sán, tó sì kúnlẹ̀ ní alẹ́, tí ọwọ́ kan náà sì ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Kí Ẹlẹ́dàá fún àwọn ọmọ wa ní ọgbọ́n, kí ó sì fún àwa àgbà ní sùúrù láti gbọ́ wọn.